ORÍ KEJE: Àkòrí Nínú Hòtẹ́ẹ̀lì Ìgbafẹ́: Báwo Ni Kí Ó Ti Lágbára Tó?

Ète orí yìí

Lẹ́yìn tí ẹ bá ka orí yìí tán, ó yẹ kí ẹ lè:

- sọ ohun tí à ń pè ní àkòrí nínú iṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì, kí ẹ sì ya ìpele rẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀;
- gbé ẹjọ́ àwọn tó fẹ́ àkòrí tó lágbára àti ti àwọn tó fẹ́ kí ó mọ níwọ̀n kalẹ̀ láìgbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni;
- fi àpẹẹrẹ Ìkẹ́rẹ́, Ìkọ́gòsì, Àgbádárìgì àti ti òkè òkun ti ọ̀rọ̀ yín lẹ́yìn;
- pinnu ibi tí àkòrí ti yẹ àti ibi tí kò ti yẹ nínú hòtẹ́ẹ̀lì kan.

7.1 Kí ni àkòrí?

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Adó wọ Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, kò sí ẹni tí yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún un pé ìlú olókè ni òun dé. Àpáta ńlá méjì, Olósùnta àti Òròlé, yọrí lókè ilé gbogbo. Ṣùgbọ́n bí àlejò náà bá gba yàrá ní hòtẹ́ẹ̀lì, tó wọlé tó ti ilẹ̀kùn, kò sí ohun tí yóò sọ fún un mọ́ bóyá Ìkẹ́rẹ́ ló wà ni tàbí Àkúrẹ́ tàbí Ìbàdàn. Táìsì funfun ló wà nílẹ̀, kọ́tìnì pupa ló wà lójú fèrèsé, tẹlifíṣàn wà lára ògiri, ẹ̀rọ amúlétutù ń kùn. Hòtẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ lè mọ́ tónítóní, kí iná rẹ̀ má sì ṣẹ́jú, àmọ́ kò ní àkòrí.

Àkòrí ni ìtàn tàbí èrò kan tí hòtẹ́ẹ̀lì dì mú, tó sì ń darí bí ilé ṣe rí, ohun tí wọ́n ń sè, aṣọ tí òṣìṣẹ́ ń wọ̀, orin tó ń dún àti orúkọ tí wọ́n kọ sára ilẹ̀kùn. Hòtẹ́ẹ̀lì inú ọgbà ìṣeré ló sọ iṣẹ́ yìí di òwò ńlá. Ní October 1971, nígbà tí Walt Disney World ṣí ní Flọ́rídà, hòtẹ́ẹ̀lì méjì ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀. Ọ̀kan mú erékùṣù Polynesia ṣe àkòrí, èkejì mú ayé ọ̀la, débi pé ọkọ̀ ojú irin ń gba àárín ilé rẹ̀ kọjá.

Fún ìjíròrò orí yìí, a ó pín agbára àkòrí sí ìpele mẹ́rin:

1. Àkòrí orúkọ. Orúkọ hòtẹ́ẹ̀lì, àwòrán kan tàbí méjì lára ògiri, ó parí.
2. Àkòrí ọ̀ṣọ́. Aṣọ, ère, àwọ̀ ọ̀dà, ìkòkò àti orin ń sọ ìtàn náà, ṣùgbọ́n ilé fúnra rẹ̀ jẹ́ ilé lásán.
3. Àkòrí ìkọ́lé. Ìtàn ti wọ inú ìpìlẹ̀, ògiri àti òrùlé.
4. Àkòrí ìṣeré. Àlejò ti di ara ìtàn. Òṣìṣẹ́ ń ṣe bí òṣèré, àlejò pẹ̀lú sì ní ipa tirẹ̀ tó ń kó.

Ẹ kíyè sí i pé bí ìpele ṣe ń ga ni àtúnṣe ń nira. Pátákó orúkọ, ọjọ́ kan péré la fi ń yí i padà. Ilé tí wọ́n bá kọ́ bí òkè, àfi kí wọ́n wó o.

7.2 Ààfin Ògògà àti ìpàtẹ Wembley

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì, ẹ jẹ́ kí a wo ilé kan tí ìtàn wà nínú gbogbo òpó rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ń ta ìtàn náà. Láàárín ọdún 1910 sí 1914, Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, gbé iṣẹ́ fún agbẹ́gilére kan tí òkìkí rẹ̀ ti kàn káàkiri Èkìtì. Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀ ni. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ Arínjalẹ̀, ọba Ìsẹ̀, ló ti ṣiṣẹ́ ààfin, ìyẹn ló mú kí orúkọ Ìsẹ̀ lẹ̀ mọ́ tirẹ̀ títí dòní.

Ọ̀kan nínú àwọn òpó tó gbẹ́ fún Ìkẹ́rẹ́ wà ní Art Institute of Chicago báyìí. Gíga rẹ̀ tó mítà kan àbọ̀. Ọba jókòó, ó dé adé, ẹyẹ sì bà lé adé náà lórí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni olorì àgbà dúró, ó sì ga ju ọba lọ. Lẹ́sẹ̀ ọba, olorì kékeré kan wà lórí ìkúnlẹ̀, afunfèrè kan sì wà nítòsí. Ẹni tó bá ń dúró de ọba ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yóò rí i kedere pé ọba kì í dá jẹ: àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló gbé e dúró. Òpó náà gbé òrùlé, ó sì gbé ọ̀rọ̀. Ẹni tó ń wò ó mọ ọba náà, ó mọ ààfin, ó sì mọ ipò tirẹ̀ nínú ohun tó ń wò.

Ní 1924, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ìpàtẹ ńlá kan ní Wembley nílùú Lọ́ńdọ̀nù láti fi gbogbo ilẹ̀ tó wà lábẹ́ wọn hàn. Ilẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́ tí Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ wà lára ohun tí wọ́n kó lọ síbẹ̀. Lórí apá kan rẹ̀, Ògògà jókòó láàárín àwọn olorì rẹ̀. Lórí apá kejì, àwọn alárùú gbé òyìnbó Captain Ambrose wá kí i. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum fẹ́ ra ilẹ̀kùn náà. Ògògà kò tà á. Pàṣípààrọ̀ ni wọ́n ṣe níkẹyìn: wọ́n ṣe àga ìjókòó ọba kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún un, ilẹ̀kùn sì dúró sí Lọ́ńdọ̀nù, níbi tó wà títí di àkókò yìí.

Ohun tó kan ẹ̀kọ́ wa ni ibi tí wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà sí. Ní Wembley, wọ́n kọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà bí ìlú olódi kan ṣoṣo, ní àwòṣe ìlú àwọn Hausa, wọ́n sì kó Nàìjíríà, Gold Coast àti Sierra Leone sínú rẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ Èkìtì bá ara rẹ̀ nínú odi tí Èkìtì kò mọ, lójú àwọn èrò tó fẹ́ kúrò níbẹ̀ lọ síbi eré, nítorí ọgbà ìṣeré wà ní ìpàtẹ náà pẹ̀lú. Ilẹ̀kùn kan náà ni. Ní Ìkẹ́rẹ́, ó wà nínú ìtàn tirẹ̀. Ní Wembley, ó ti di ọ̀ṣọ́ nínú ìtàn ẹlòmíràn. Ìyàtọ̀ yìí ni kí ẹ fi sọ́kàn bí a ti ń bá ìjíròrò lọ.

7.3 Ẹjọ́ àwọn tó fẹ́ kí àkòrí lágbára

Àwọn tó wà ní apá yìí sábà máa ń mú ìdí mẹ́ta wá.

*Ìdí kìíní ni ọjà.* Àlejò tó bá ti Èkó wá sí Èkìtì ti kọjá hòtẹ́ẹ̀lì onítáìsì funfun láìmọye lójú ọ̀nà. Bí ti Ìkẹ́rẹ́ bá dà bí ti yòókù, iye owó nìkan ni yóò fi yàn án, ẹni tó bá sì ń fi owó tó kéré jù fa oníbàárà kì í pẹ́ rẹ̀. Ibi tó bá ní ojú tirẹ̀ lè dárúkọ iye tó wù ú.

*Ìdí kejì ni iṣẹ́.* Hòtẹ́ẹ̀lì tó bá fẹ́ ògiri alárà yóò wá alárà kàn. Èyí tó bá fẹ́ aṣọ kíjìpá sórí bẹ́ẹ̀dì yóò wá àwọn ìyá tó ṣì ń hun ún. Ìkòkò lè ti Ìṣàn-Èkìtì wá, níbi tí àwọn obìnrin ti ń mọ amọ̀ láti ìgbà pípẹ́. Owó tí ìbá lọ sí Ṣáínà yóò dúró sílé.

*Ìdí kẹta ni ìrántí.* Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń kàwé ní Yunifásítì Bámidélé Olúmilúà ní Ìkẹ́rẹ́ lè máa kọjá níwájú ààfin lójoojúmọ́ láìgbọ́ orúkọ Ọlọ́wẹ̀ rí. Bí hòtẹ́ẹ̀lì bá sọ ìtàn rẹ̀ dáadáa, wọ́n á ní ibì kan tí wọn yóò ti gbọ́ ọ.

Àpẹẹrẹ tí wọ́n fẹ́ràn jù ni Animal Kingdom Lodge, tí Disney ṣí ní Flọ́rídà ní 2001. Àlejò yóò jí láàárọ̀, yóò jáde sí bàkónì, yóò sì rí àgùnfọn tó ń já ewé jẹ nísàlẹ̀. Nínú gbọ̀ngàn, wọ́n gbé Ijele kalẹ̀, eégún ńlá àwọn Ìgbò, tí gíga rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà márùn-ún. Iṣẹ́ ọnà Áfíríkà tó wà níbẹ̀ pọ̀ dé ibi pé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kò ní fojú di í. Ìyẹn ni pé nítorí tí àkòrí náà lágbára, ẹni tó ni ilé náwó sórí ojúlówó. Nílé níbí, La Campagne Tropicana tí Wanle Akinboboye dá sílẹ̀ létí òkun ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí ti fi hàn pé ibùdó ìgbafẹ́ lè fi ilé, oúnjẹ àti ìwọṣọ Áfíríkà ṣe àkòrí, kí àwọn ọmọ Nàìjíríà fúnra wọn sì máa lọ síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ tún Animal Kingdom Lodge wò pẹ̀lú ojú Wembley. Èdè Swahili ni wọ́n fi sọ apá kan ilé náà ní Jambo. Ẹranko pápá ìlà oòrùn àti gúúsù Áfíríkà ló ń jẹ lẹ́yìn fèrèsé. Ìgbò ló ni eégún inú gbọ̀ngàn. Ọ̀nà tó wà láàárín àwọn ènìyàn wọ̀nyí jìn ju ti Lọ́ńdọ̀nù sí Mọsko lọ, síbẹ̀ abẹ́ òrùlé kan ni wọ́n kó gbogbo wọn sí lábẹ́ orúkọ Áfíríkà. Àkòrí lè lágbára kí ó má sì mọ ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ dáadáa.

7.4 Ẹjọ́ àwọn tó fẹ́ kí àkòrí mọ níwọ̀n

Òwe àwọn tó wà ní apá kejì kò ju ọ̀kan lọ: àṣejù, baba àṣetẹ́. Ẹ wo àpẹẹrẹ mẹ́ta tí wọ́n ń tọ́ka sí.

*Galactic Starcruiser.* Disney ṣí i ní Flọ́rídà ní March 2022. Òun ni ìpele kẹrin ní kíkún. Òru méjì ni àlejò ń lò níbẹ̀, bí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ tó ń rìn láàárín ìràwọ̀. Kò sí fèrèsé tòótọ́ nínú yàrá. Ojú amóhùnmáwòrán ló wà níbẹ̀, òfuurufú dúdú ló sì ń fi hàn. Òṣìṣẹ́ tó ń gbé oúnjẹ kò jẹ́ gbà pé orí ilẹ̀ ayé ni òun wà. Owó rẹ̀ fún ènìyàn méjì lé ní 4,800 dọ́là. Nígbà tí September 2023 fi máa parí, wọ́n ti pa á dé. Àwọn kan tó lọ síbẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ìdílé ni apá wọn ká a, ẹni tó sì ti mọ bí ìtàn náà ṣe parí, kí ni yóò tún padà wá gbọ́?

*Luxor, ní Las Vegas.* Ní 1993 ni wọ́n ṣí i: pírámíìdì alájà 30, ère Sphinx níwájú rẹ̀, ẹ̀rọ agbénigòkè tí kì í lọ sókè tààrà bí kò ṣe kó máa dagun tẹ̀lé ara ògiri. Láti 2007, àwọn tó ni ín bẹ̀rẹ̀ sí kó Íjíbítì kúrò nínú ilé. Wọ́n fẹ́ yàrá ìgbàlódé tí kò ní ìtàn. Ọ̀ṣọ́ inú ilé ṣeé kó, ṣùgbọ́n kí ni wọn yóò ti ṣe pírámíìdì? Ó ṣì wà níbẹ̀, bí ẹní wọ agbádá ọdún lọ sóko. Ìpele kẹta kì í jẹ́ kí a yí ọkàn padà.

*Palace of the Lost City, ní Sun City.* Oníṣòwò Sol Kerzner ló kọ́ ọ ní Gúúsù Áfíríkà, ó sì ṣí i ní December 1992. Ìtàn tí wọ́n sọ ni pé àwọn ènìyàn kan ti wà níbẹ̀ láyé àtijọ́, wọ́n kọ́ ààfin, ilẹ̀ sì mì, ó gbé wọn mì. Wọ́n tún ṣe afárá kan tó máa ń mì tìtì kí àlejò lè mọ bí ọjọ́ náà ṣe rí. Kò sí irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn tó wà níbẹ̀ ní tòótọ́ ni àwọn Tswana, wọ́n wà láàyè, wọ́n ní ọba, wọ́n ní ìtàn. Oníṣòwò fi àwọn alààyè sílẹ̀, ó lọ dá òkú sílẹ̀ láti fi ṣe àkòrí.

Àwọn tó wà ní apá yìí tún máa ń mú ọ̀rọ̀ wá sílé. Bí ẹ bá fi koríko bo òrùlé ní Ìkẹ́rẹ́ nítorí ẹwà, ẹ gbọ́dọ̀ ní owó tí ẹ ó máa fi pààrọ̀ rẹ̀, nítorí òjò, ikán àti eku, kí a má tíì dárúkọ iná. Ère tó wà níbi tí omi ìwẹ̀ ń ta sí yóò jẹrà. Àlejò tó ti Àbújá wakọ̀ wá, tí ẹ̀yìn ń dùn ún, kò wá gbọ́ ìlù ní agogo mẹ́wàá alẹ́; bẹ́ẹ̀dì tó tẹ́, omi gbígbóná àti iná tí kò ní lọ ló ń wá. Owó díísù jẹnẹrétọ̀ nìkan ti tó hòtẹ́ẹ̀lì kékeré ṣe ìyọnu.

7.5 Nígbà tí ìtàn bá jẹ́ ọgbẹ́: àbá Àgbádárìgì

Ní 2009, ìròyìn àbá kan tàn ká ayé. Àwọn oníṣòwò kan fẹ́ kọ́ ibùdó ìgbafẹ́ sí Àgbádárìgì, ìye owó tí wọ́n dárúkọ sì tó bílíọ̀nù 3.4 dọ́là. Hòtẹ́ẹ̀lì olówó ńlá yóò wà níbẹ̀, pẹ̀lú pápá gọ́ọ̀fù, ilé tẹ́tẹ́, ẹ̀dà ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n fi ń kó ẹrú àti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé fún ẹgbẹ́ olórin Jackson Five. Marlon Jackson, ọ̀kan nínú àwọn olórin náà, wà lẹ́yìn àbá ọ̀hún.

Ẹjọ́ àwọn tó gbé e wá kì í ṣe ẹjọ́ òmùgọ̀. Àwọn ọmọ Áfíríkà tó wà ní Amẹ́ríkà ń wá ibi tí àwọn baba ńlá wọn ti wọkọ̀. Wọ́n fẹ́ sùn síbi tó dára bí wọ́n bá dé. Àgbádárìgì ní ìtàn náà, kò sì ní owó. Àmọ́ àwọn tó ta kò ó béèrè pé: ta ni yóò jókòó ti tẹ́tẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀dà ọkọ̀ tí àwọn ènìyàn kú sínú rẹ̀ nínú ẹ̀wọ̀n? Báwo ni ìbànújẹ́ ṣe ń di ohun tí a fi ń pe èrò sí gọ́ọ̀fù?

Àbá náà kò di ilé. Ohun tó ṣì ń pe àlejò sí Àgbádárìgì ni ilé ẹrú Sèríkì Williams Abass, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìdílé Mobee, àti ọ̀nà oníyanrìn tó lọ sí etí òkun níbi tí wọ́n ń pè ní ibi àrèmabọ̀. Ọ̀nà yẹn kò nílò ẹni tó ń lu ìlù tàbí ẹni tó múra bí ẹrú. Àlejò ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn ín nínú oòrùn.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ìtàn ọgbẹ́ ní ilé tirẹ̀, ibùsùn sì ní ilé tirẹ̀. Hòtẹ́ẹ̀lì Àgbádárìgì lè kọ́ àlejò ní ọ̀nà tí yóò gbà lọ síbẹ̀, ó lè fún un ní ẹni tí yóò mú un lọ. Kò gbọ́dọ̀ gbé ẹ̀wọ̀n kọ́ sí ògiri yàrá oúnjẹ.

7.6 Ìkọ́gòsì: nígbà tí ibi fúnra rẹ̀ ti jẹ́ àkòrí

Ní ìwọ̀ oòrùn Ìpínlẹ̀ Èkìtì, ní Ìkọ́gòsì, omi gbígbóná àti omi tútù ń sun láti orísun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn títí wọ́n fi pàdé. Ní ojúkò tí wọ́n ti pàdé, ẹ lè ki ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ èyí tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ẹ ki tòsì bọ èyí tó tutù. Ní 1952, John McGee, òyìnbó míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí sọ ibẹ̀ di ibùdó. Ìjọba ìpínlẹ̀ tún un ṣe nígbà Káyọ̀dé Fáyẹmí ní sáà rẹ̀ àkọ́kọ́ (2010 sí 2014), lẹ́yìn náà ni wọ́n fi àbójútó rẹ̀ lé àwọn aládàáni lọ́wọ́.

Kò sí ọ̀ṣọ́ tí ayàwòrán-ilé lè dá tí yóò borí omi yẹn. Igi ńláńlá bo ibẹ̀, òkè yí i ká. Ohun tí àlejò ń béèrè kò pọ̀: kí ilé má dí òun lójú, kí ọ̀nà tó lọ sí etí omi má yọ̀, kí ariwo jẹnẹrétọ̀ má bo ìró omi. Àkòrí tó lágbára jù ní Ìkọ́gòsì ni èyí tí ọwọ́ ènìyàn kò hàn nínú rẹ̀.

Ìdí nìyí tí Disney fi gbọ́dọ̀ kọ́ ohun gbogbo ní Flọ́rídà, tí Ìkọ́gòsì àti Ìkẹ́rẹ́ kò sì gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Pápá ẹrọ̀fọ̀ ni ilẹ̀ Disney kí wọ́n tó dé ibẹ̀. Ẹni tí kò ní òkè ló ń mọ òkè.

7.7 Ìlànà: apá kan lẹ́yìn èkejì

Títí dé ibí yìí, apá méjèèjì ń jà bí ẹni pé hòtẹ́ẹ̀lì jẹ́ ohun kan ṣoṣo, tí a ó fi ìwọ̀n kan wọ̀n ún. Èrò tí orí yìí dì mú ni pé ìbéèrè náà kò ní ìdáhùn kan fún odidi ilé. Apá kọ̀ọ̀kan ni à ń dáhùn rẹ̀ fún, ẹni tó sì ni ìtàn ló yẹ kó ní ọ̀rọ̀ ìkẹyìn lórí rẹ̀. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ.

Ẹ jẹ́ kí a rò ó pé wọ́n fẹ́ kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì oníyàrá 30 sí ìsàlẹ̀ Olósùnta. Báyìí ni a ó ṣe pín ọ̀rọ̀ náà sí wẹ́wẹ́:

*Ìkọ́lé.* Ìpele kẹta, ṣùgbọ́n láti inú ìwúlò. Agbo ilé tó ní àgbàlá láàárín àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ yí ká, bí ààfin ṣe rí, máa ń mú afẹ́fẹ́ wọlé, ó sì ń dín owó amúlétutù kù. Òrùlé tó yọ síta ń gba ògiri lọ́wọ́ òjò. Páànù ni kí wọ́n fi bò ó. Kí fèrèsé kọjú sí òkè. Bí ọjọ́ bá yí àṣà padà, ilé náà yóò ṣì wúlò, kò ní dà bíi Luxor.

*Gbọ̀ngàn àlejò.* Ìpele kejì tó lágbára. Kí wọ́n gbé iṣẹ́ fún agbẹ́gilére tó wà láyé, kí orúkọ rẹ̀ wà lára iṣẹ́ rẹ̀, kí ó gba owó tó yẹ. Ẹ̀dà òpó Ọlọ́wẹ̀ lè wà níbẹ̀ bí àlàyé bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nípa ibi tí ojúlówó wà àti bí ó ṣe débẹ̀. Adé onílẹ̀kẹ̀ aníbojú kò gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀ rárá. Ọba ló ń dé e.

*Yàrá.* Ìpele kìíní. Dípò nọ́ńbà, yàrá lè máa jẹ́ orúkọ àdúgbò Ìkẹ́rẹ́, bíi Ùró, Afàò tàbí Odò-Ọjà. Aṣọ ìbora kíjìpá kan ti tó. Ohun tó kù ni oorun.

*Oúnjẹ.* Kí àkòrí lágbára débi tó bá lè dé. Èkìtì ni a wà, iyán kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ìyẹ̀fun inú páálí. Kí wọ́n gún un lódó, kí ó dé orí tábìlì nígbà tó ṣì ń gbóná, pẹ̀lú ẹ̀fọ́ tí wọ́n já láàárọ̀. Àmọ́ kí odó jìnnà sí yàrá: ìró ọmọ odó ní agogo mẹ́fà òwúrọ̀ kì í ṣe àṣà, ìyọlẹ́nu ni.

*Òṣìṣẹ́.* Kí wọ́n wọ aṣọ tí wọ́n lè fi ṣiṣẹ́, tí ojú kò sì ní tì wọ́n láti wọ̀ jáde. Ìpele kẹrin kò yẹ níbí, nítorí ìkíni Yorùbá kì í ṣe eré. Kí bàbá ẹni ọgọ́ta ọdún tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà máa dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ ogún ọdún torí pé ó sanwó yàrá, ìyẹn ti yí àṣà dorí kodò. Ẹ jẹ́ kí àgbà kí àlejò bí àgbà ṣe ń kí ọmọ, kí àlejò sì kọ́ bí a ṣe ń dáhùn.

*Ìbọ àti ọdún.* Kò sí ìpele kankan. Ará Ìkẹ́rẹ́ ń bọ Olósùnta lọ́dọọdún, Olúkẹ́rẹ́ sì ni olórí ìbọ náà. Hòtẹ́ẹ̀lì lè sọ ọjọ́ ọdún fún àlejò, ó lè sọ ibi tí àlejò lè dúró sí àti ibi tí kò gbọ́dọ̀ dé. Kò lè ṣe ẹ̀dà rẹ̀ létí omi ìlúwẹ̀ẹ́ lálẹ́ Sátidé fún àwọn tó wá ṣe ìpàdé.

7.8 Àtakò tó yẹ kí a gbọ́

Ẹnìkan lè sọ pé ìlànà yìí yóò lé olówó sá: bí a bá ní kí ó gba àṣẹ lọ́wọ́ ìlú kí ó tó sọ ìtàn, yóò gbé owó rẹ̀ lọ síbòmíràn. Ewu náà wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé Ògògà kò ta ilẹ̀kùn rẹ̀ fún British Museum bí wọ́n ṣe fẹ́ rà á. Ó dúnàádúrà, ó gba ohun tó bá a lára mu. Bóyá pàṣípààrọ̀ náà tọ́ tàbí kò tọ́, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun tí kò ní àríyànjiyàn ni pé ẹnìkan wà ní Ìkẹ́rẹ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ bi kí wọ́n tó gbé e.

Ẹlòmíràn lè sọ pé a ti fi ọ̀wọ̀ pa ìgbafẹ́: àlejò wá ṣeré, a fún un ní ẹ̀kọ́. Èyí náà ní òótọ́ nínú. Ìdí nìyí tí a kò fi fi àkòrí kún yàrá, tí a sì jẹ́ kí oúnjẹ gba ipò iwájú. Ẹni tó jẹ iyán tó dára, tó sùn dáadáa, tó sì gun òkè láàárọ̀ pẹ̀lú ọmọ ìlú tó mọ ọ̀nà, kò ní rántí pé ẹnikẹ́ni kọ́ òun ní ohunkóhun.

Àkótán

- Àkòrí ní ìpele mẹ́rin; bí ó ṣe ń ga sí i ni owó rẹ̀ àti ìnira àtúnṣe rẹ̀ ń pọ̀ sí i.
- Ohun kan náà lè jẹ́ ìtàn ní ilé rẹ̀, kí ó sì di ọ̀ṣọ́ lásán níbòmíràn, bí ti ilẹ̀kùn Ìkẹ́rẹ́ ní Wembley.
- Ibi tó ní ẹwà tirẹ̀, bí Ìkọ́gòsì, kò fẹ́ kí a kọ́ òmíràn lé e.
- Ìtàn ọgbẹ́ àti ìbọ kì í ṣe ohun èlò ọ̀ṣọ́.
- Apá kọ̀ọ̀kan hòtẹ́ẹ̀lì ní ìwọ̀n tirẹ̀.

Ìbéèrè

1. Ṣàlàyé ìyàtọ̀ tó wà láàárín àkòrí ọ̀ṣọ́ àti àkòrí ìkọ́lé. Lo Luxor gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ.
2. Kí ni Animal Kingdom Lodge fi jọ ìpàtẹ Wembley ti 1924? Níbo ni wọ́n ti yàtọ̀?
3. Mú ìdí méjì wá tí àwọn tó gbé àbá Àgbádárìgì kalẹ̀ lè fi gbèjà rẹ̀, kí o sì fèsì sí ìkọ̀ọ̀kan.
4. Orí yìí sọ pé kí iyán inú hòtẹ́ẹ̀lì Ìkẹ́rẹ́ jẹ́ ti inú odó. Ṣírò ohun tí èyí yóò ná hòtẹ́ẹ̀lì oníyàrá 30 ní òṣìṣẹ́, àkókò àti iṣu, kí o sì sọ bóyá ó ṣeé ṣe.

Iṣẹ́ ṣíṣe

(a) *Ìjíròrò ní kíláàsì.* Ẹ pín ara yín sí ọ̀nà méjì lórí ọ̀rọ̀ yìí: "Hòtẹ́ẹ̀lì tí kò sọ ìtàn ìlú tó wà nínú rẹ̀ ń jẹ ìlú náà ní gbèsè." Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20, kí apá méjèèjì pààrọ̀ ipò.

(b) *Ìbẹ̀wò.* Ẹ lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ tàbí Ẹmùré. Ẹ kọ ohun márùn-ún tó wà nínú rẹ̀ tó sọ pé Èkìtì ló wà, àti ohun márùn-ún tó lè wà níbikíbi. Ẹ bi máníjà léèrè ẹni tó yan ìkọ̀ọ̀kan àti ìdí tó fi yàn án.

(d) *Àbá.* Ìlú Ìsẹ̀ fẹ́ fi orúkọ Ọlọ́wẹ̀ sọ ibùdó ìgbafẹ́ tuntun kan. Kọ ojú ìwé méjì sí àwọn tó ń ṣètò rẹ̀. Sọ ìpele àkòrí tó yẹ apá kọ̀ọ̀kan, ẹni tó yẹ kí wọ́n gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ ní Ìsẹ̀, àti ohun kan tí wọn kò gbọ́dọ̀ ṣe rárá.